Ẹni tó bá fẹ́ dí ọ̀nà àtijọ́, kó kọ́kọ́ la òmíràn

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n kọ́ wa ní ordinateur nílé-ìwé, la mú wá lónìí.

Nínú èdè C, rand() ló máa ń mú nọ́ńbà jáde bíi ti ẹni tó ń ju dáìsì lúdò. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni, kì í ṣe oríire. Nọ́ńbà kan wà tí a ń fi srand() fún un. Ẹ jẹ́ ká pè é ní irúgbìn. Irúgbìn kan náà, èso kan náà. Òfin èdè C ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àwa olùkọ́ fẹ́ràn èyí. Bí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ bá lo irúgbìn 12 lórí irú kọ̀ǹpútà kan náà, èsì wọn á bára mu, a ó sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ àwọn kan ń fi rand() yìí ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹni tó bá ti mọ irúgbìn, ó ti mọ àṣírí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe OpenBSD fi yí i padà ní 2014. Láti ẹ̀dà 5.7, tó jáde ní 2015, rand() kò ka irúgbìn srand() sí mọ́. Wọ́n mọ̀ pé ó tako òfin C, ṣùgbọ́n wọ́n fi srand_deterministic() sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ èso àtijọ́. Ní 2019, èdè R náà tún sample() ṣe ní ẹ̀dà 3.6.0, torí pé ti àtẹ̀yìnwá kò pín nǹkan dọ́gba tó. Àwọn náà fi ọ̀nà sílẹ̀: sample.kind="Rounding" nínú RNGkind().

Àwọn kan ní ohun tó bá ń ṣiṣẹ́, ká má fọwọ́ kàn án. A kò gbà. Àgádágodo tí olè ti mọ bí a ṣe ń ṣí i, pípààrọ̀ ló yẹ ẹ́. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé kọ̀ǹpútà kò ní pariwo. Iṣẹ́ á lọ geere, èsì á sì yàtọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣẹ̀ á gba òdo.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń yí nǹkan padà kéde, kó sì fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó nílò rẹ̀. Kí àwa olùkọ́ náà máa kọ irúgbìn àti ẹ̀dà sórí gbogbo iṣẹ́ tí a bá fún ọmọ. Ọ̀nà kan kò wọjà. Kí lẹ̀yin rí sí i?