Ta Ni Yóò Sọ Ìtàn Wa Lórí Amóhùnmáwòrán?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi kálàmù kọ́ ọmọ ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀ rí. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàábé rẹ̀.



Kì í pẹ́ kì í jìnnà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìjọba kan tàbí òmíràn fi ń kéde pé ètò tuntun ń bọ̀ lórí ìtàn tàbí àṣà ilẹ̀ Yorùbá: ìtàn àwọn ọba, ìtàn ogun, ìtàn ọdún ìbílẹ̀, ìtàn bí Èkó ṣe di Èkó. Bí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn wa máa ń pín sí. Àwọn kan a ní òrìṣà àti egúngún ni wọn yóò fi hàn, pé Mùsùlùmí kò ní nǹkan í ṣe níbẹ̀. Wọn a pa ẹ̀rọ náà. Àwọn mìíràn a jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì gbọ́ níbẹ̀, wọn a gbé e mì láìjẹ. Ọ̀nà méjèèjì kò tọ́, ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí ń pa ẹ̀rọ lóhùn. Kí ènìyàn mọ ìtàn ohun kan kì í ṣe pé ó ń sin ohun náà. Alùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé sọ ìtàn Firiaona fún wa, ó sọ ti àwọn ará Aad àti Samuud, ó sì pa á láṣẹ léraléra pé kí a rìn lórí ilẹ̀, kí a wo bí ìgbẹ̀yìn àwọn tí ó ti lọ ṣáájú ti rí. Ẹni tí kò mọ ohun tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń bọ kò lè mọ bí oore tí Ọlọ́hun ṣe fún wọn ti pọ̀ tó nígbà tí ìmọ́lẹ̀ Ìsìláàmù dé bá wọn.

Ní ti àwọn tí ń gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, kí wọ́n rántí Súrà Al-Hujuraat, ẹsẹ 6, níbi tí Ọlọ́hun ti pa wá láṣẹ láti wádìí ìròyìn tí ẹni tí kò ṣe é fọkàn tán bá mú wá, kí a má baà fi àìmọ̀kan ṣe àwọn ènìyàn kan níbi kí a wá kábàámọ̀. A kò pe àwọn tí ń ṣe ètò wọ̀nyí ní ẹni ibi o. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn ọjọ́ kan bá nílò ìwádìí, mélòó mélòó ni ìròyìn ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta?

Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí amóhùnmáwòrán Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ni ẹ̀rọ yìí ti ń bá wa gbé inú ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí bí ààfin Aláàfin ti rí, kì í ṣe inú ìwé. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀rọ bá fi hàn ni ọmọ yóò pè ní ìtàn. Ohun tí kò bá fi hàn, ọmọ yóò rò pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ohun tí ó ń dùn wá nínú púpọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ni pé bí àlejò ni wọ́n ti ń mú Mùsùlùmí wọlé. Orí ẹṣin ni yóò ti yọ láti Òkè Ọya, idà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò jẹ́ láwàní kan ṣoṣo tí ó ń kọjá lẹ́yìn èrò. Lẹ́yìn èyí ni ìtàn yóò fò sórí àwọn òyìnbó ajíhìnrere. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó rí? Àwọn òpìtàn gbà pé Mùsùlùmí ti wà ní Ọ̀yọ́ Ilé kí Shehu Usman ọmọ Fodio tó bẹ̀rẹ̀ jìhádì ní 1804. Wọ́n ti ń kírun ní ilẹ̀ yìí kí ajíhìnrere Thomas Birch Freeman tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Èdè wa pàápàá ń jẹ́rìí: àlàáfíà, àlùbáríkà, àdúà, wákàtí. Ẹni tí kò kírun rí láyé rẹ̀ ń pè wọ́n láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Àlejò kì í wọ inú èdè onílé tó báyìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò sí ohun tí a lè fi ṣe ètò nínú ìtàn Mùsùlùmí Yorùbá, kí ó lọ dúró níwájú Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Títì Martins ní Erékùṣù Èkó. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí a bí sí ilẹ̀ Sàró, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà wálé, ni ó ya bí ilé náà yóò ti rí. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894 tí a ṣí i, Gómìnà Carter wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, agbẹjọ́rò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti Liverpool tí ó gba Ìsìláàmù, sì wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú Abdul Hamid Kejì, Sultan àwọn Ottoman, ẹni tí ó fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Sàró, Brazil, Istanbul, Liverpool àti Èkó pàdé lábẹ́ òrùlé kan. Mélòó nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ọjà Balógun ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ tún kọjá òkun. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde ní ìlú Salvador ní Bahia láti já ìdè ẹrú. Nǹkan bí 600 ènìyàn ni àwọn òpìtàn ṣírò pé wọ́n jáde, Yorùbá ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Malê ni àwọn ará Brazil ń pè wọ́n, láti inú ọ̀rọ̀ tiwa, Ìmàle. Ìjọba ṣẹ́gun wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n dá àwọn mìíràn padà sí Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, tí àwọn ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ wọn, wà ní ìpamọ́ ní Bahia títí di òní. Ẹ gbọ́ o: ọ̀tá tí ó gbá ìwé náà gbà á pa mọ́. Àwa tí a jẹ́ ọmọ, kí ni a ṣe sí ìwé àwọn baba wa?

Àpẹẹrẹ wà pé Mùsùlùmí lè fi ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀. Ní 1986, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ali Mazrui, ọmọ Mombasa ní ilẹ̀ Kenya, ṣe ètò alápá mẹ́sàn-án tí ó pè ní The Africans: A Triple Heritage, tí amóhùnmáwòrán BBC ti Gẹ̀ẹ́sì àti PBS ti Amẹ́ríkà gbé jáde. Ó sọ pé okùn mẹ́ta ni a fi lọ́ Áfíríkà: ìṣẹ̀ǹbáyé, Ìsìláàmù àti àṣà àwọn Òyìnbó. Ariwo ta. Ọ̀gá àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó fi owó sí i ní kí wọ́n yọ orúkọ àjọ òun kúrò, nítorí ó ka ètò náà sí èyí tí ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn Òyìnbó. Níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká náà takò ó gidigidi lórí ọwọ́ tí ó fi mú ìṣẹ̀ǹbáyé. Mazrui sì dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀rí. Ó dolóògbé ní 2014, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kú.

Ní ọdún 2010, BBC kan náà ṣe ètò alápá mẹ́ta kan lórí Èkó tí wọ́n pè ní Welcome to Lagos. Wọ́n dé orí omi Mákòókó, àwọn aládùúgbò wa gan-an, tí ọ̀sà kan náà dà wá pọ̀ ní Ìwáyà. Ìjọba Nàìjíríà fi ẹ̀hónú hàn, Ṣóyínká náà bínú, pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi han aráyé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbínú rọlẹ̀, mélòó nínú àwa tí a ń gbé ẹ̀bá ọ̀sà yìí ni ó gbé ẹ̀rọ lọ fi ẹ̀gbẹ́ kejì hàn? Ẹni tí kò sọ tirẹ̀, kí ó má bínú bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ ní ìdajì.

Níbí ni ẹ̀bi ti kàn wá. Ìwáyà jẹ́ ilẹ̀ tí omi sún mọ́. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, omi a wọlé. Àwọn àgbà àáfà ń kú, ọmọ wọn a pín aṣọ, wọn a pín ilẹ̀, wọn a sì kó ìwé hántù àti wàláà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì de omi àti ikán. Lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ amóhùnmáwòrán bá wá béèrè, a ó na ọwọ́ òfìfo sí i. Ìtàn tí kò ní ẹ̀rí kì í pẹ́ di àhesọ.

A sì gbọ́dọ̀ fi òdodo kún un. Súrà An-Nisaa, ẹsẹ 135, pàṣẹ kí a jẹ́rìí òtítọ́, bí ó tilẹ̀ tako ara wa. Àwọn Mùsùlùmí wà nínú àwọn tí ó ta ẹrú ní ilẹ̀ yìí. Àwọn kan fi orúkọ ẹ̀sìn jagun nítorí ìkógun. Bí a bá fi èyí pamọ́, a kò yàtọ̀ sí àwọn tí a ń bá wí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín fún. Èkínní, nígbà tí wọ́n bá kéde ètò ìtàn, ẹ kó ara yín jọ wò ó, pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Ẹ kọ ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ sílẹ̀, ẹ jíròrò rẹ̀ lẹ́yìn Àsàláátù, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú ẹ̀rí àti ọ̀rọ̀ tútù. Èébú kì í tún ìtàn ṣe.

Èkejì, kí olúkúlùkù jókòó ti àgbà tí ó dàgbà jù nínú ẹbí rẹ̀, ní pàtàkì àwọn ìyá wa, tí a kì í sábà bi ní ohunkóhun. Ẹ gba ìyọ̀ǹda wọn, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn: ilé-kéwú wo ni wọ́n lọ, ta ni ó kọ́ mọ́sálásí àdúgbò, ta ni ó ṣe lẹ́mọ́ọ̀mù ibẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lórí àwòrán, kí ó gba ohùn nìkan. Kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé ìwé àwọn àáfà kúrò nílẹ̀. Ẹ sá a sí ibi ìbòòji, ẹ ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe jù ú nù nítorí pé ẹ kò lè kà á. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Ìwáyà, tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn tàbí iṣẹ́ ìròyìn, ẹ̀yin ni a ń wò. Fíìmù ìṣẹ́jú 30 kan lórí mọ́sálásí kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ òtítọ́, sàn ju ọgọ́rùn-ún wáásì ẹ̀hónú lọ.

Bí àgbà kan bá kú lónìí láìjẹ́ pé a bi í léèrè, kò sí amóhùnmáwòrán tí yóò jí i dìde fún wa. Ẹ tètè o.

Kí Ọlọ́hun Ọba ṣe ìmọ̀ wa ní èyí tí yóò ṣe ọmọ ènìyàn láǹfààní, kí Ó sì fi àwọn àgbà wa sílẹ̀ fún wa pẹ̀lú àlàáfíà. Àmín.