Táyà jíípù: ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ kí ẹ tó wo ẹwà rẹ̀

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 2016, ni ìjàǹbá ọkọ̀ gba ẹ̀mí James Ocholi, amòfin àgbà tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà, ní ọ̀nà Kaduna sí Abuja. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà nínú ọkọ̀ náà, àwọn náà sì bá ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀hún lọ. Jíípù ni wọ́n wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ jákujàku. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n ní táyà kan ló bẹ́ lórí eré, tí ọkọ̀ náà fi dojú dé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló gbà pé ẹni tó bá ti wà nínú jíípù ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà ojú ọ̀nà. Jíípù ga, irin rẹ̀ ki, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lágbára. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí jíípù tóbi tó, ojú ibi mẹ́rin péré ló ti ń fara kan ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìwé tí ọmọ iléèwé ń kọ iṣẹ́ sí lọ. Orí ojú mẹ́rin yìí ni ẹ̀mí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ dá lé. Bí rọ́bà tó wà níbẹ̀ bá ti gbó, tàbí tí kì í ṣe ìwọ̀n tó yẹ, gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì yẹn ti di asán.

Kí ni a wá máa ń wò nígbà tó bá tó àkókò láti pààrọ̀ táyà jíípù? Oníbàárà kan á ní òun fẹ́ èyí tí eyín rẹ̀ tóbi, tó máa jẹ́ kí ọkọ̀ rí bíi ti àwọn ṣọ́jà. Òmíràn á ní ríìmù ńlá tó ń dán ni òun ń bá kiri. Ẹnì kẹta á béèrè èyí tó wọ́n kéré jù. Ṣàṣà ni ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà náà. Níbẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí á tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí bí ọjà táyà wa ṣe di bó ṣe dà. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń ṣe táyà ní Nàìjíríà. Michelin ní iléeṣẹ́ ní Port Harcourt, Dunlop sì ní tirẹ̀ ní Ìkẹjà. Ní ọdún 2007 ni Michelin ti iṣẹ́ táyà ṣíṣe pa, Dunlop náà sì dáwọ́ dúró ní ọdún 2008. Ohun tí wọ́n sọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: iná mànàmáná kò dúró, epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ èrè wọn, ìjọba sì tún dín owó orí táyà tó ń ti òkè òkun wọlé kù, débi pé ti àjèjì pọ́nwó ju tilé lọ. Ohun tó wá ń dunni jù ni pé igi rọ́bà kò tán nílẹ̀ wa. Ó wà ní Edo, ó wà ní Delta, ó wà ní Cross River àti Oǹdó. À ń ta oje rẹ̀ síta, a sì ń fi dọ́là ra táyà padà.

Nítorí náà, bí náírà bá ti yọ̀, táyà ni yóò kọ́kọ́ sọ fún wa. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà lójú òwò ìjọba. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tó fi kọjá 1,500. Ẹni tó ń ra táyà tuntun mẹ́rin tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń wá tókùnbọ̀ méjì kiri.

Tókùnbọ̀ yìí, òfin kò fàyè gbà á. Táyà àlòkù wà nínú orúkọ àwọn ọjà tí àwọn aṣọ́bodè kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wọlé. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Síbẹ̀, gbangba ni wọ́n ń tà á, láàárín ọjà, lójú ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí púpọ̀ nínú wa ń ronú pé ibẹ̀ ni ojúlówó ti ń wá, táyà tí eyín rẹ̀ bá ti dín ní mìlímítà 1.6 kò gbọ́dọ̀ rìn lójú títì mọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta àlòkù níbẹ̀, eyín rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní mìlímítà 2, ó sì gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ sí i lára pé àlòkù ni. Tiwa kò ní òǹtẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wọn eyín rẹ̀.

Èyí tó burú jù lọ nínú wọn ni táyà àkìpọ̀. Kí ẹrù lè pọ̀ nínú kọ̀ǹténà kan, àwọn oníṣòwò kan á ki táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ẹyọ kan. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti gbá irú rẹ̀ mú léraléra, wọ́n sì ti dáná sun ún. Táyà tí wọ́n bá ki báyìí lè jẹ́ tuntun lójú, ṣùgbọ́n okùn irin tó wà nínú rẹ̀ ti lè yẹ̀ tàbí kó ṣẹ́. Orí eré ni yóò ti hàn.

Bí ọjà wa ṣe rí nìyí. Ojú ẹni tó ń rà ló wá di àjọ tó ń yẹ ọjà wò. Kí ni kó wá máa wò?

Ohun àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà náà, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ 2419, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. SON àti FRSC máa ń sọ pé ọdún mẹ́rin ni kí táyà lò lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó ń ṣe é bíi Michelin ní kí mọ̀ọ́ṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kó má sì kọjá ọdún mẹ́wàá. Èyíkéyìí tí ẹ bá tẹ̀ lé, ẹ mọ̀ pé rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn, àgàgà èyí tí oòrùn ti ń pa níwájú ṣọ́ọ̀bù. Táyà tí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà yìí kúrò lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ohun kejì ni ìwọ̀n. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìwé kékeré kan wà lára òpó rẹ̀ tó sọ ìwọ̀n táyà àti iye afẹ́fẹ́ tó yẹ. Ẹ jẹ́ ká fi Toyota Prado ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó pọ̀ lójú títì wa. Púpọ̀ nínú wọn ń lo 265/65R17. Mìlímítà 265 ni fífẹ̀ rẹ̀. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ìyẹn bíi mìlímítà 172. 17 ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, táyà náà ga tó mìlímítà 776.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ríìmù ńlá ti wọlé. Bí ẹ bá gbé ríìmù 20 sí i, tí ẹ kò sì fẹ́ kí gíga táyà yí padà, 265/50R20 ni ẹ máa wá. Gíga rẹ̀ ṣì jẹ́ bíi 773, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wálẹ̀ láti 172 sí 132. Rọ́bà tó ń gba kòtò mọ́ra fún ọkọ̀ ti dín kù nìyẹn. Níbi tí ọ̀dà bá ti jó geere, kò sí ìjàǹgbọ̀n. Lójú ọ̀nà tiwa, kòtò kan tó fi omi bojú ti tó láti tẹ ríìmù, kó sì ya ẹ̀gbẹ́ táyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá lọ sí 265/70R16, bí bíréèkì ọkọ̀ rẹ̀ bá gba ríìmù 16, gíga kan náà ló máa ní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì di 185. Ìyẹn kò ní wu ojú tó ti ríìmù 20, ṣùgbọ́n òun ló mọ ọ̀nà oko.

Àwọn mìíràn á fi ríìmù sílẹ̀, wọ́n á wá táyà tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. 265/70R17 ga tó 803. Bí ago iwájú awakọ̀ bá ń sọ pé 100 ni ọkọ̀ ń sá, ó ti kọjá 103 lóòótọ́. Ẹ́ńjìnnì yóò máa fà á, bíréèkì yóò máa tiraka, táyà sì lè máa ha ara ọkọ̀ tí wọ́n bá yí ọwọ́ kọ̀. Jíípù tí wọ́n bá sì gbé ga sókè kọjá bí wọ́n ṣe ṣe é, kíákíá ló ń dojú dé ní kọ́nà.

Ohun kẹta ni ẹrù àti eré. Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ máa rí nǹkan bíi 112S. 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílò 1,120. S sì túmọ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ kọjá kìlómítà 180 láàárín wákàtí kan. Nọ́ńbà ẹrù yìí kò gbọ́dọ̀ dín sí èyí tó wà lára òpó ilẹ̀kùn láéláé. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n ta táyà ọkọ̀ kékeré tí ríìmù rẹ̀ bá ti jíípù mu fún ẹni tí kò mọ̀. Yóò wọlé, ṣùgbọ́n kò lè gbé e.

Lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni kí á tó sọ̀rọ̀ eyín. Èyí tí wọ́n kọ H/T sí, ti ọ̀nà ọ̀dà ni: kì í pariwo, kì í jẹ epo púpọ̀, ó sì ń di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà òjò. M/T jẹ́ ti ẹrẹ̀: eyín rẹ̀ tóbi, ó jìnnà síra, ó ń ta ẹrẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ̀ lórí ọ̀dà tó tutù, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. A/T ni táyà gbogbo ọ̀nà, ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Àgbẹ̀ tó ní oko kòkó, kọngílá, tàbí dókítà tó ń lọ sí abúlé tí ilẹ̀ pupa ti ń di amọ̀ lásìkò òjò, A/T tọ́ sí i. Ẹni tó jẹ́ pé ilé, ibi iṣẹ́ àti ibi àríyá lórí ọ̀dà ni ìrìn àjò rẹ̀, H/T ló yẹ ẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo tí eyín ńlá ń jẹ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú fò mọ́.

Bákan náà, ìwọ̀n kan ṣoṣo ni kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́, kí sípíà náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ bíi Prado tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà á nígbà gbogbo, bí táyà kan bá ga ju èkejì lọ, jíà ni yóò máa jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, iléeṣẹ́ Firestone ní Amẹ́ríkà pe táyà mílíọ̀nù 6.5 padà. Wilderness AT, táyà jíípù gbogbo ọ̀nà, wà lára wọn, Ford Explorer ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tó ń lò wọ́n. Orí eré ni ojú táyà ń ṣí kúrò lára rẹ̀, tí ọkọ̀ ń gbókìtì. Ìjọba Amẹ́ríkà ka òkú 271. Ford ti ní gééjì 26 ni kí wọ́n fún táyà náà, Firestone ní 30 ló yẹ, wọ́n sì ń di ẹ̀bi ru ara wọn. Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí ìjọba rí i pé àléébù wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe táyà náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ jù: Texas, Florida, Arizona, California, àwọn ibi tí oòrùn ti ń mú. Ooru ni ọ̀tá táyà, afẹ́fẹ́ tí kò tó sì ń dá kún ooru. Táyà tuntun ni wọ́n rà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ńlá o, a kò tíì sọ ti tókùnbọ̀.

Kí ẹni tó ń lo jíípù ra gééjì tirẹ̀, kó máa wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Kì í ṣe gbogbo fọkanáísà ni gééjì rẹ̀ ń sọ òótọ́. Bí kò bá tó, táyà á gbóná. Bó bá pọ̀ jù, àárín rẹ̀ ni yóò máa jẹ, bó bá sì já sí kòtò, ó lè bẹ́.

A kò sọ pé owó wà nílẹ̀. Àmọ̀ràn wa ni pé táyà tuntun tí orúkọ rẹ̀ kò lókìkí, tí nọ́ńbà rẹ̀ pé, sàn ju tókùnbọ̀ olórúkọ ńlá tó ti lo ọdún mẹ́jọ lọ. Ẹni tó bá ń ro owó ríìmù 20, kó fi ra táyà.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba má ṣe rò pé èyí ti bọ́rùn wọn. Òfin tó ní kí táyà àlòkù má wọlé, ẹnubodè ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ọjà ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Dídá awakọ̀ dúró láàárín títì nítorí táyà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé fúnra wọn kò lè tó. Iléeṣẹ́ tó kógbá sílé ní Ìkẹjà àti Port Harcourt kò sì lè padà láìsí iná. Kí ìyẹn tó yanjú, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà náà kí ẹ tó sanwó.