Ẹ̀rọ tí ń Ka Àpáta láti Òfurufú

Àwọn onímọ̀ nípa àpáta kan wà tí wọ́n gbà pé ẹni tí kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè, kí ó sì fi òòlù fọ́ òkúta wò, kò ní ẹnu láti sọ irú òkúta tí ó wà níbẹ̀. Mo mọ rírì ẹsẹ̀ àti òòlù. Síbẹ̀ n kò gbà pé kí a máa fi ojú tín-ín-rín wo ẹ̀rọ tí ń ka ilẹ̀ láti òkè, nítorí ó ń rí ohun tí ojú wa kò lè rí.

Ní ọdún 1800, William Herschel, ẹni tí a bí ní Jámánì tí ó sì ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gíláàsì pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ oríṣiríṣi bí ti òṣùmàrè. Ó gbé ohun tí a fi ń wọn ooru kọjá ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ pupa, níbi tí kò ti sí nǹkan kan lójú, ó sì rí i pé ooru ibẹ̀ ju ti gbogbo àwọ̀ yòókù lọ. Ìtànṣán àìrí yìí ni a fi ń dá àpáta mọ̀ lónìí. Bí ilà ojú ti ń fi ìdílé ènìyàn hàn láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń fi ara rẹ̀ hàn nípa èyí tí ó gbé mì nínú ìtànṣán náà àti èyí tí ó dá padà. Amọ̀ funfun a máa gbé èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 2.2 máíkírómítà mì, bẹ́ẹ̀ 1,000 máíkírómítà ni ó wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo! Àmì ti òkúta ẹfun wà ní nǹkan bí 11.

Ẹ jẹ́ kí a wo Cuprite, aginjù kan ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà. Awakùsà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, onímọ̀ sì ti rìn ín já. Síbẹ̀ wọ́n ń kọjá lára òkúta kan tí à ń pè ní buddingtonite láìmọ̀ ọ́n, nítorí kò yàtọ̀ lójú sí àwọn tí ó yí i ká. Ní àwọn ọdún 1980, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ òfurufú ni ó kọ́kọ́ tọ́ka sí i. Wọ́n padà lọ wò ó, wọ́n sì bá a níbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ ni ó tọ́ka, ẹsẹ̀ ni ó lọ jẹ́rìí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999 ni Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì Terra lọ sókè pẹ̀lú ẹ̀rọ ASTER tí àwọn ará Japan ṣe. Ọ̀nà 14 ni ẹ̀rọ náà fi ń wo ilẹ̀, méjì péré sì ni ojú ènìyàn lè bá a rí nínú wọn. Mẹ́fà ti bàjẹ́ láti ọdún 2008, ṣùgbọ́n àwòrán tí ó ti yà ṣáájú ṣì wúlò.

Ṣùgbọ́n awọ ilẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń kà. Ní Nevada, ìhòòhò ni òkúta wà. Nínú igbó tiwa, ó di àlejò tí ó ní ojú tí kò fi ríran: ewé ni ó ń kà. Ó lè ka orí àpáta Ìdànrè tí ó yọ gọnbu sókè, kò sì ṣòro fún wa láti kà á fúnra wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lábẹ́ oko kòkó tí ó yí i ká yóò wọ bàtà, yóò mú òòlù, yóò sì wọ inú igbó lọ. Bí ìjọba kan bá sì dín owó irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kù nítorí pé àwòrán ti wà nílẹ̀, n kò ní bá wọn pàtẹ́wọ́.