Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ráútà Ilé Yín Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Bí ẹnì kan bá bá ọ kọ́lé, tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn, tó tún ní kí o má fọwọ́ kàn án, ṣé wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ohun tí àwọn tó ń so ráútà Wi-Fi sílé wa ń ṣe nìyẹn, a sì ń sanwó fún wọn.

Lọ́dún tó kọjá, dátà oṣù kan tí bàbá mi rà tán láàárín ọjọ́ 11. Wọ́n ní èmi ni mò ń wo fíìmù lóru. Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbọ́. Mo bá yí ráútà náà dà, mo rí nọ́ńbà kan lábẹ́ rẹ̀: 192.168.0.1. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù mi, níbi tí a máa ń kọ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì sí. Ó ní kí n kọ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Mo kọ "admin" sí méjèèjì. Ó ṣí.

Àwa márùn-ún là ń gbé ilé wa. Ẹ̀rọ 14 ni mo bá lórí Wi-Fi wa. Mo pe bàbá mi wá wò ó. Wọn ò bẹ̀ mí o (bàbá kì í bẹ ọmọ), ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fíìmù tán lọ́jọ́ náà.

Pásíwọ́ọ̀dù tí à ń fún àlejò kó fi lo Wi-Fi yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣí inú ráútà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní ti àkọ́kọ́, tí ìkejì sì jẹ́ "admin", òun gan-an ti di onílé. Ó lè tì yín síta. Ó tún lè yí DNS, ìyẹn apá tó ń júwe ọ̀nà fún fóònù yín, kí ẹ máa wá báńkì yín, kó máa darí yín sí báńkì ayédèrú.

Wọ́n á ní, "Kí ni olè fẹ́ jí nínú ráútà tèmi?" Ní 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Mirai ń fi bí 60 irú orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù bí "admin" dán kámẹ́rà àti ráútà wò káàkiri ayé. Kò lo ọgbọ́n mìíràn. Àwọn tó wọlé sí ni wọ́n fi kọlu iléeṣẹ́ Dyn ní 21 oṣù Kẹwàá, tí Twitter àti Netflix fi dákú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ó dáa, ta ló wá la ògiri yìí? Kì í ṣe bàbá mi. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló là á; ẹni tó wá so ó rí i, ó dákẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà fún àwọn tó ń dá onílé lẹ́bi. Ìyá àgbà tó ń fi Wi-Fi rí ojú ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, ibo ló ti fẹ́ mọ 192.168? Ní Lọ́ńdọ̀n náà, láti 29 oṣù Kẹrin 2024, òfin ti ka á léèwọ̀ láti fi pásíwọ́ọ̀dù kan náà sínú gbogbo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí a tó tà á. Ṣé ọmọ nìkan ló yẹ kí òfin dáàbò bò ni? Kí ìjọba wa ṣe irú rẹ̀, kó sì di dandan kí ẹni tó bá so ráútà yí pásíwọ́ọ̀dù lójú onílé kó tó gbowó.

Oṣù tó kọjá, oníṣẹ́ náà padà wá sílé wa. Ó tẹ "admin", kò ṣí. Ó tún un tẹ̀. Bàbá mi ní, "Ọmọ mi ni kí ẹ bi."