Àpò Kọ́ Ni A Fi Ń Mọ Kòkó Tí Ó Dára: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Òbí Oregun

Ní Oregun àti ní gbogbo agbègbè ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó lọ láti Ìkẹjà dé Agége, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn òbí: nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó kún àdúgbò, èwo ni ó ṣe ipò kìíní, èwo ni ó ṣe ìkejì, èwo ni kò yẹ kí ọmọ ènìyàn wọ̀? Ẹnìkan a ní èyí tí owó rẹ̀ wọ́n jù ni ó dára jù. Ẹlòmíràn a ní èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ òyìnbó ni. Ẹnìkẹta a sì tọ́ka sí èyí tí ó kọ orúkọ àwọn tí ó yege nínú ìdánwò WAEC sára pátákó ńlá. Àwa kò bá òbí kankan wí pé ó ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò kí ó tó san owó. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ṣùgbọ́n a ní láti sọ ọ́ gbangba pé òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò kò tọ́, àti pé ẹni tí ó fi òṣùwọ̀n tí kò tọ́ ra ọjà, ara rẹ̀ ni ó rẹ́ jẹ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí ni ọ̀rọ̀ náà yóò kọ́kọ́ yé. Ní Agége ni J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá oko kòkó ńláńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ alágbàṣe ti kọ́ iṣẹ́ kòkó tí wọ́n sì gbé e lọ sí ìlú wọn. Ẹ mọ̀ dájú pé ẹni tí ń ṣàyẹ̀wò kòkó kì í wo ẹwà àpò. Yóò mú 300 hóró, yóò fi ọ̀bẹ là wọ́n níkọ̀ọ̀kan, yóò ka iye tí ó ti bu àti iye tí kòkòrò ti jẹ. Bí èyí tí ó bu bá ju 3 lọ nínú 100, kòkó náà kò sí ní ipò kìíní mọ́, ìbáà jẹ́ àpò tuntun ni a kó o sí. Owó gọbọi, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ mèremère àti táì tí a so mọ́ ọmọ lọ́rùn, àpò ni gbogbo wọn. Ohun tí ọmọ mọ̀ ni hóró.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé èsì WAEC kì í ṣe àpò, pé hóró gan-an ni. A gbà á dé ààyè kan. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fi ìdánwò àbáwọlé ṣa kìkì àwọn ọmọ tí ó ti mọ̀wé, tí ó sì rọra lé àwọn tí ń fà sẹ́yìn kúrò kí ọdún ìdánwò tó dé, kò ṣe iṣẹ́ púpọ̀ kí ó tó rí èsì rere. Àwọn mìíràn sì wà káàkiri Nàìjíríà tí àwọn ènìyàn ń pè ní mírákù sẹ́ńtà, níbi tí a ti ń gba owó lọ́wọ́ òbí kí a lè fún ọmọ ní ìdáhùn. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí ó gba ọmọ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí ọmọ náà kò mọ a yàtọ̀ sí b, tí ó sì sọ ọ́ di ẹni tí ń ka ìwé ìròyìn fún bàbá rẹ̀, òun ni ó kọ́ ọmọ, bí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ sí lára pátákó kankan.

Àwọn tí a ń fara wé pàápàá ti rí àléébù yìí. Ní 1992 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ èsì ìdánwò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama jáde, tí àwọn ìwé ìròyìn sì ń tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wales fi irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 2001. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Ofsted, tí ń ṣàbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ní England, dẹ́kun fífi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lẹ́jọ́.

Nílé níhìn-ín, ìjọba Alhaji Lateef Jakande gbìyànjú ní 1980 láti fi òpin sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Àlùfáà àgbà Okogie àti àwọn mìíràn gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n sì jàre. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Nígbà tí a kà wọ́n ní 2010 sí 2011, wọ́n ju 12,000 lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní ìwé àṣẹ ìjọba. Lẹ́yìn èyí, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bá ètò kan tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná owó lé lórí, tí a ń pè ní DEEPEN, ṣe ìgbéléwọ̀n fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. GAPS ni orúkọ rẹ̀. Àwa ń fẹ́ kí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ má ṣe wà nínú fáìlì ní Aláùsá nìkan. Kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ní èdè Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ìyá tí ń ta ẹ̀kọ lè kà á.

Ohun kan sì kù tí ó dùn wá jù. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, a kì í gbọ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ìkẹjà àti Agége wà lábẹ́ ìjọba náà nígbà náà. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí nǹkan bí 811,000 ní 1955. Èrò ọjọ́ náà ni pé kí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ olóyè jókòó lórí àga kan náà. Bí a bá ń to kìkì ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni lẹ́sẹẹsẹ, tí a pa ti ìjọba tì, àpò owó àwọn òbí ni a ń tò, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọmọ.

Nítorí náà, kí àwọn òbí Oregun pe ìpàdé, kí wọ́n sì gbé ìbéèrè márùn-ún síwájú ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo, ti aládàáni àti ti ìjọba. Olùkọ́ mélòó ni ó ní ìwé ẹ̀rí NCE, tí òfin kà sí ìwọ̀n tí ó kéré jù fún iṣẹ́ náà? Mélòó nínú wọn ni ó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, tàbí owó oṣù tí kò tó ń lé wọn lọ? Ọmọ mélòó ni ó wà nínú yàrá kan? Nínú ọmọ 100 tí ó wọlé, mélòó ni ó dé ìdánwò ìkẹyìn? Ọmọ kíláàsì kẹta ha lè ka ojú ìwé kan, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀? Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá fẹ́ dáhùn ti dáhùn ná.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ gbé ìbéèrè wọ̀nyí tọ káńsílọ̀ yín lọ, kí ó tó tún wá tọrọ ìbò. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ta kòkó àti iṣu láti fi owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ yín ránṣẹ́ sí Oregun, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí owó náà rà. Bí ọmọ náà bá wá sí oko nígbà ìsinmi, ẹ má ṣe wo aṣọ rẹ̀. Ẹ fún un ní ìwé, kí ó kà á sí yín létí.