Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ṣé Ó Yẹ Kí Wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù ní Orè Ra Dyno?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó fi kíláàsì kan ṣáájú mi pè mí láti Orè lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní òun ti rí ilẹ̀ tóun máa fi ṣe wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù, kò jìnnà sí márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní, àti pé ohun tó máa ya tòun sọ́tọ̀ láàárín gbogbo mẹkáníìkì tó wà ládùúgbò náà ni dyno, ìyẹn dynamometer. Bàbá rẹ̀ ti gbà pé kó fi oko kòkó ìdílé dúró fún owó tí báńkì máa yá a. Ó ní kí n sọ òótọ́ inú mi. Mo ní kó má rà á. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Mo ń kọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ síbí nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ro irú èrò yìí nínú àwa tí a gba ẹ̀ka yìí kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n rán ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tipẹ́ létí ohun tí wọ́n kọ́ wa. Dyno ni ẹ̀rọ tó ń wọn agbára tí ẹ́ńjìnnì ń mú jáde. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Gaspard de Prony ṣe irú rẹ̀ kan ní 1821: ó fi igi há ọ̀pá tó ń yí mọ́ àárín, ó sì wọn bí ọ̀pá náà ṣe ń fi ipá fẹ́ gbé igi yẹn yí. Bí a bá mọ torque ní newton-mita, tí a sì mọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, a ó sọ méjèèjì di púpọ̀, a ó fi 9,549 pín in; agbára rẹ̀ ní kílówáàtì la rí yẹn. Èyí tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ lóde òní ní rólà irin ńlá. Wọ́n á gun táyà ọkọ̀ lé e, wọ́n á so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pinpin, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kọ̀ǹpútà á sì ya gbogbo rẹ̀ sójú ìwé.

N kò sọ pé ẹ̀rọ náà kò wúlò. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ṣe SIWES ní Orè, mo sì rí bí a ṣe ń dán ọkọ̀ wò. Oníbàárà á ní, "Ọkọ̀ mi ò fà." Ọ̀gá á tún un ṣe, á gbé e bọ́ sí títì, ọmọ iṣẹ́ kan á gbé kọ̀ǹpútà lé itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àjàgbé á sì máa ré wọn kọjá lọ́tùn-ún lósì. Bí wọ́n bá dé, ọ̀gá á ní, "Ó ti ń fà báyìí." Oníbàárà á ní òun ò rí ìyàtọ̀. Kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Etí àti ìdí tó wà lórí àga ni wọ́n fi ń wọn agbára. Dyno lè parí ìjà yẹn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì ní sí pé ẹnì kan ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu lójú márosẹ̀. Ìdí tó lágbára jù lọ tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, mi ò sì lè já a ní koro.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká mú 30,000 dọ́là fún ẹ̀rọ kan, ká sì ní dọ́là kan jẹ́ 1,500 náírà. Mílíọ̀nù 45 náírà nìyẹn, a ò tíì san owó ọkọ̀ ojú omi àti owó aṣọ́bodè, a ò tíì da kọnkéré, a ò tíì ra fáànù ńlá tí kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ ni a ò tíì dárúkọ jẹnẹrétọ̀. Ká ní báńkì gba èlé 30 nínú 100 lọ́dún. Mílíọ̀nù 13.5 ni èlé lásán. Ní ti owó tó máa wọlé, ká ní ọkọ̀ márùn-ún ló ń wá lọ́sẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san 30,000 náírà, tí iṣẹ́ sì ń lọ fún ọ̀sẹ̀ 50. Mílíọ̀nù 7.5 ni. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà pa lọ́dún kò tó ìdá mẹ́ta nínú ìdá márùn-ún èlé báńkì. Ó le kú, ìjà Orè!

Ọ̀rẹ́ mi ní òun lè rí owó tí èlé rẹ̀ kò pọ̀. Ó dáa, ká fi í sí 9 nínú 100. Èlé á jẹ́ mílíọ̀nù 4.05, mílíọ̀nù 3.45 á ṣẹ́ kù. Ká tiẹ̀ gbàgbé dísù àti owó òṣìṣẹ́, tí gbogbo èyí tó kù bá ń lọ sórí gbèsè bẹ́ẹ̀, ó di ọdún keje kí owó tí a yá tó wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 13. Ta ni yóò máa ṣọ́ oko kòkó fún gbogbo ọdún yẹn?

Ìṣòro kejì ni irú ọkọ̀ tó ń wá. Orè ni oríta tí ọ̀nà Èkó, Bìní, Oǹdó àti Òkìtìpupa ti pàdé. Àwọn tó ń wá a wá ni ọkọ̀ agbégẹdú, típà, bọ́ọ̀sì akérò àti Corolla tòkunbọ̀. Rólà tí wọ́n ṣe fún Corolla kò lè gba àjàgbé onítáyà mẹ́wàá. Èyí tó lè gbà á tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje àtàwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn yára ju bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ lọ ló ń bọ́ dyno. Wọ́n ń pààrọ̀ turbo, wọ́n ń tún ètò inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ, wọ́n sì ń padà wá wọn ọ́n léraléra. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní 2023, ohun tí oníbàárà Orè ń bèèrè ni pé kí epo òun pẹ́.

Dyno kì í sì í tún ọkọ̀ ṣe. Ó kàn ń sọ fún ọ pé agbára ti dín ni. Ìwọ lo máa wá ìdí rẹ̀. Ìdí tí mo sì ń rí fún oṣù mẹ́fà kò ṣàjèjì: plug tó ti jẹ, injector tó dọ̀tí, pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀, catalyst tó ti dí. Èyí tó dùn mí jù ni ti thermostat. Àìmọye ọkọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́ dànù nítorí wọ́n ní oòrùn ilẹ̀ wa mú jù. Ẹ́ńjìnnì náà kò ní tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á rò pé ó ṣì tutù, á sì máa bu epo sí i. A kò nílò mílíọ̀nù 45 ká tó rí èyí. Ẹ̀rọ ṣíkáànì tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ti tó.

Kí ni kó wá ṣe? Kó ra ṣíkáànì tó dáa, ẹ̀rọ tó ń wọn compression, èyí tó ń wọn agbára epo nínú páìpù, àti ìwé àkọsílẹ̀. Bó bá fẹ́ ẹ̀rí agbára, kó wá ọ̀nà tó tẹ́jú tó sì dá, kì í ṣe márosẹ̀. Kó wọn àkókò tí ọkọ̀ fi ń kúrò ní kìlómítà 40 dé 80 ní wákàtí kan, nínú jíà kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkọ̀ tó wúwo tó 1,300 kìló bá fi ìṣẹ́jú àáyá 8 ṣe é, nǹkan bíi 30 kílówáàtì ló lọ sínú eré náà ní ìpíndọ́gba. Bó bá di 7, ó ti lé ní 34. A ò ka ti afẹ́fẹ́ àti ti táyà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ni oníbàárà fẹ́ rí, ìyàtọ̀ sì nìyẹn. Fún oníbọ́ọ̀sì, kó kọ lítà epo àti iye kìlómítà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn.

Bí dyno bá máa wọ Orè lọ́jọ́ kan, mo rò pé ẹgbẹ́ ló yẹ kó gbé e wá, kì í ṣe ẹnì kan. Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì NATA àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà nítòsí lè jọ ní ẹyọ kan: kí àwọn wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù máa sanwó lò ó, kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì máa fi ọwọ́ kan ohun tí a ń kà fọ́múlà rẹ̀ lásán. Ọkọ̀ márùn-ún láti wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù kan kò lè bọ́ ẹ̀rọ yẹn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ márùn-ún láti ogún wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù lè bọ́ ọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọ̀rẹ́ mi pè mí padà lánàá. Kò tíì gbà pé mo jàre, ṣùgbọ́n ó ní òun ti sọ fún bàbá òun pé kó dá ìwé oko dúró ná. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ yìí, tí ẹ bá ní ìṣírò tó yàtọ̀ sí tèmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí ìwé oko tó dé báńkì.