Iléṣà Wo Là Ń Fi Ọmọ Ránṣẹ́ Sí?

“Ẹ jẹ́ ká dá a padà sí Iléṣà. Màmá àgbà á kọ́ ọ lọ́gbọ́n.” Ẹ̀yin ọmọ Ọbòkun, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Òun ni àwa òbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ bí ọwọ́ bá tẹ ọmọ níbi tó ti ń fa gáàsì láti inú bálóònù. Ohun tí wọ́n ń fi ṣeré yẹn kì í ṣeré o. Kì í jẹ́ kí fítámì B12 ṣiṣẹ́ lára mọ́. Ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọ̀pá ẹ̀yìn á fara gbá, ọmọ ogún ọdún á sì máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí arúgbó. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023, ẹni tí wọ́n bá ká gáàsì yìí mọ́ lọ́wọ́ láti fi gbádùn ti rú òfin ilẹ̀ yìí.

Iléṣà tó wà lọ́kàn wa ni ti ìgbà èwe wa: bí ọmọ bá mu sìgá lẹ́yìn ọjà Atákúnmọ́sà, ìròyìn á ti ṣáájú rẹ̀ délé. Wọ́n ń mu igbó nígbà náà, a sì mọ àwọn tó ń mu ún. Òórùn rẹ̀ ń tú wọn fó. Èyí tó gbòde báyìí kò ní èéfín, kò ní òórùn. Oògùn oníhóró ni. Mílígíráàmù 50 àti 100 ni NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí fún tramadol, oògùn ìrora lásán. 225 àti 250 ni wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀. Ọlọ́kadà ń gbé e mì kó lè ṣiṣẹ́ mọ́jú, àwọn ará ilé sì ń yìn ín pé kò mọ ọ̀lẹ.

Àwọn bàbá wa tó ṣe òṣómàáló máa ń ta aṣọ láwìn, wọ́n á sì padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí á fi sanwó. Kí wọ́n forí jì mí, iṣẹ́ tí tramadol ń ṣe nìyẹn. Ó ń ta agbára àti ìdùnnú fún ara láwìn. Bó bá pẹ́, ọpọlọ á dẹwọ́ nínú èyí tó ń pèsè fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá sí oògùn, eegun á máa ro ọmọ, òógùn á bò ó, inú á máa ṣí, oorun á dá lójú rẹ̀. Olówó ti lóṣòó nìyẹn. Bó bá lò ó jù, wárápá lè gbé e, tàbí kí èémí rẹ̀ máa falẹ̀ títí á fi dákẹ́.

Ọmọ ìyá rẹ̀ ni kódíìnì, tí ẹ̀dọ̀ ń sọ di mọfíìnì. Ìjọba Nàìjíríà fòfin de oògùn ikọ́ olómi tó ní in nínú ní ọdún 2018, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń pò ó mọ́ tramadol, igbó àti oògùn oorun Rohypnol. Omi gọ́tà ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Colorado ńkọ́? Ojú ló fi jọ igbó. Kẹ́míkà ni wọ́n fín sára ewé, ó lè dojú ọpọlọ rú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ìwádìí tí àjọ UNODC àti àwọn oníṣirò ìjọba Nàìjíríà ṣe, tó jáde lẹ́yìn ọdún 2018, sọ pé nínú 100 èèyàn tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 sí 64 ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ó lé ní 22 tó lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan. Kò sí ẹkùn mìíràn tó tó tiwa.

Ẹ̀rù tó tún ń bà mí ni ìtọ́jú tí wọ́n lè fún ọmọ náà nílé: kí wọ́n tì í mọ́ yàrá, kí wọ́n gba gbogbo oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti ń gbé Rohypnol mì lójoojúmọ́, bó bá ṣíwọ́ lójijì, wárápá lè pa á. Iṣẹ́ dókítà ni kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka fún irú ìtọ́jú yìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, dókítà àdúgbò yín lè júwe ibi tí wọ́n á ti tọ́jú ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Oṣù Kejìlá ń bọ̀, ọ̀pọ̀ wa ń lọ ṣe ọdún Ìwúde nílé. Bí ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ láìsí àbọ̀ fún ọmọ, ẹ kọ́kọ́ pe màmá àgbà, kí ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ilé rẹ̀.